Ọmọ wa ń ti Adìgbẹ bọ̀ wálé: báwo ni kí a ṣe gbà á?

Abiyamọ Ìtòkò

Mo kí gbogbo ẹ̀yin òbí, mo sì kí ẹ̀yin tí iṣẹ́ yín jẹ mọ́ ọ̀rọ̀ ọmọdé. Ọmọkùnrin mi kejì, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún 18, yóò kúrò ní ilé Borstal, ọgbà ìjọba tí wọ́n ti ń tún ìwà ọ̀dọ́mọkùnrin ṣe, tó wà ní Adìgbẹ ní Abẹ́òkúta, kí ọdún yìí tó parí. Ó ti lo ọdún méjì níbẹ̀. Kò pa ènìyàn, kò sì fi ìbọn jalè. Èmi àti bàbá rẹ̀ la jọ mú un lọ síwájú adájọ́, tí a sọ pé apá wa kò ká a mọ́, nítorí ó ti pa ilé ẹ̀kọ́ tì, ó ń mu oògùn olóró tí wọ́n ń pè ní kolorádò pẹ̀lú àwọn ọmọ kan lẹ́yìn ọjà, ó sì ti ta jẹnẹrétọ̀ bàbá rẹ̀ àti ẹ̀gbà ọrùn tí ìyá mi fi sílẹ̀ fún mi. Ní ọjọ́ tí adájọ́ sọ̀rọ̀ tán, ọmọ náà kò wo ojú mi. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ àwọn àgbà tó ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́ kò ti kúrò lọ́kàn mi, nítorí ọmọ bíbí inú mi ni mo bá lọ sí kóòtù.

Mo ń lọ kí i lóṣooṣù. Ó ń kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà, ara rẹ̀ sì ti ń tù ú. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ kò tíì tẹ ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ rí. Bàbá náà ní ìgbà tí wọ́n bá tún ọmọ náà ṣe tán nínú ọgbà ni òun yóò tó rí i. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí a ti máa ṣe sílẹ̀ kí ó tó dé, báwo ni kí a sì ṣe gbà á tí kò fi ní padà sí ibi tó ti wá?

Màmá Wẹ́fíà

Abiyamọ, ẹ kú ìrọ́jú, Olúwa yóò fún yín ṣe. Ọdún 31 ni mo fi ṣiṣẹ́ ìgbáyégbádùn kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì ti jókòó ti ọ̀pọ̀ ọmọ tí ọ̀rọ̀ wọn jọ ti ọmọ yín. Ohun tó kọ́kọ́ kàn mí lára nínú ohun tí ẹ kọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọ, bí kò ṣe ọ̀rọ̀ tí bàbá rẹ̀ sọ. Mo mọ̀ pé ìbànújẹ́ ló sọ ọ́ lẹ́nu wọn, n kò sì dá wọn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ọmọ kì í ṣe jẹnẹrétọ̀ tí a gbé fún mẹkáníìkì, tí a ó lọ gbà nígbà tí a bá gbọ́ pé ó ti ń ṣiṣẹ́. Gbogbo ìmọ̀ràn tí wọ́n bá gbà á nínú ọgbà yẹn, inú ilé yín ni a ó ti mọ̀ bóyá ó wọlé sí i lára. Bí ilé bá wà bó ṣe wà ní ọjọ́ tí ó kúrò níbẹ̀, ọmọ náà yóò wá àyè rẹ̀ àtijọ́, yóò sì jókòó sí i.

Nítorí náà, ẹ má dúró de ọjọ́ ìjáde. Ẹ lọ bá òṣìṣẹ́ ìgbáyégbádùn tó ń mójú tó o nínú ọgbà náà báyìí, kí ẹ sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi ẹ̀yin òbí méjèèjì àti ọmọ jókòó papọ̀, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan, ó kéré tán lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó jáde. Bí mo ṣe máa ń ṣe é nìyí: àga mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kò sí tábìlì láàárín. Ọmọ ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Òbí kò ní dá a lóhùn títí yóò fi tún ohun tí ọmọ sọ sọ, tí ọmọ yóò sì gbà pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni òun wí. Ó dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n mo ti rí ọkùnrin tí irun rẹ̀ ti funfun tí kò lè tún gbólóhùn kan ṣoṣo tí ọmọ rẹ̀ sọ sọ láìfi ẹ̀sùn kún un. Ọmọ kan sọ níwájú mi pé ọjọ́ tí bàbá òun ka èsì ìdánwò òun sókè níwájú àwọn àlejò ni òun kọ́kọ́ sùn síta. Bàbá náà kò rántí ọjọ́ náà rárá. Ó béèrè pé kí ni àwọn àlejò náà jẹ, ọmọ sì sọ ọ́ fún un: ọ̀fadà ni, pẹ̀lú ẹran ìgbẹ́. Bàbá náà bo ojú rẹ̀. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wa ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta kò yẹ kí ẹ ṣiyèméjì lórí èyí, nítorí ní ìlú yìí gan-an ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo, dókítà àìsàn ọpọlọ, ti fi èyí hàn gbogbo ayé. Nígbà tí wọ́n ṣí ilé ìwòsàn Àró ní ọdún 1954, Lambo kò ti gbogbo aláìsàn mọ́lé. Ó ní kí ìbátan tẹ̀ lé aláìsàn wá, kí wọ́n jọ máa gbé ní àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn náà ká, kí aláìsàn máa lọ gba ìtọ́jú kí ó sì padà sí àárín àwọn ènìyàn rẹ̀. Ohun tó mọ̀ ni pé ẹni tí a bá yà kúrò lára ẹbí rẹ̀ láti tọ́jú, ọ̀dọ̀ ẹbí náà ni yóò padà sí. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún àìsàn ọpọlọ, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ọmọ tó ṣìnà kò yẹ kó le jù ú lọ.

Bàbá Ìdí-Abà

Ẹ má bínú sí mi o, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ti ń rọ̀ jù létí mi. Ọmọ tó ta dúkìá òbí rẹ̀, àga mẹ́ta kọ́ ló yẹ ẹ́. Nígbà tiwa, pàṣán ni wọ́n fi ń bá ọmọ sọ̀rọ̀, a sì yè é. Ọmọ tí a kò bá kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà, ti ọmọ yìí sì ti bẹ̀rẹ̀ láti orí jẹnẹrétọ̀.

Ọmọ Adìgbẹ Àtijọ́

Mo dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀yin àgbà. Bàbá Ìdí-Abà, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ gbà mí láàyè. Wọ́n nà mí nílé, wọ́n nà mí nílé ìwé, àwọn ọlọ́pàá kan tún nà mí kí n tó dé iwájú adájọ́. Kò sí pàṣán tí n kò mọ orúkọ rẹ̀. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí ni kí ó jókòó kí ó bi mí pé kí ló ń ṣe mí. Olùkọ́ kan nínú ọgbà ló kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀, mo sì sunkún bí ọmọ ọwọ́. Lónìí mo ti ní ìyàwó àti ọmọ kan, ìdánwò WAEC tí mo ṣe nínú ọgbà yẹn ni mo sì fi wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga.

Màmá wa Abiyamọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹ ó rí ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí ẹ̀rù má baà bà yín. Ọmọ yín yóò jí ní aago márùn-ún kódà bí ẹnikẹ́ni kò lu agogo. Ó lè dúró sí ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀, kí ó máa retí kí ẹnìkan sọ pé kó jáde. Èmi a máa tọrọ àyè lọ́wọ́ ìyá mi kí n tó lọ tọ̀, nínú ilé tí wọ́n bí mi sí. Àbúrò mi rẹ́rìn-ín, n kò sì bá a sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì. Ẹ kìlọ̀ fún àwọn àbúrò rẹ̀ ṣáájú.

Èkejì, àwọn ọ̀rẹ́ àtijọ́ yóò wá. Tèmi dé ní ọjọ́ kẹrin. Wọn kò mú ohun búburú kankan lọ́wọ́, súyà àti ohun mímu tútù ni wọ́n rà wá, wọ́n sì ń pè mí ní ọ̀gá. Ẹ má pariwo lé wọn lórí, nítorí bí ẹ bá lé wọn níwájú rẹ̀, yóò tẹ̀ lé wọn jáde. Ohun tó gbà mí ni pé ìyá mi ti bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń gbé ní Aṣerò sọ ọ́, ibẹ̀ ni mo sì gbé fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́. Ẹ̀kẹta ni yàrá. Nígbà tí mo délé, wọ́n ti fi kọ́kọ́rọ́ sí gbogbo ilẹ̀kùn, títí kan ti ilé ìdáná. Mo mọ ìdí rẹ̀, n kò sì lè bínú. Ṣùgbọ́n ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo gbọ́ bí bàbá mi ṣe yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ohùn rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ibi tí mo ti ń bọ̀. Bí ẹ bá ní ohun iyebíye, ẹ gbé e lọ sí ilé ẹlòmíràn kí ó tó dé, kí ẹ sì fi ilẹ̀kùn sílẹ̀.

Lọ́yà Ìṣàbọ̀

Mo fẹ́ fi ẹsẹ̀ òfin kún un, nítorí ọ̀pọ̀ òbí kò mọ̀ ọ́n. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ìjọba àpapọ̀ jáde ní ọdún 2003, ìpínlẹ̀ Ògùn sì gbé tirẹ̀ kalẹ̀ ní ọdún 2006. Lábẹ́ òfin yìí, ẹnikẹ́ni tí kò bá tíì pé ọdún 18, ọmọdé ni. Kóòtù kò gbọdọ̀ rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n, kò gbọdọ̀ pàṣẹ kí a nà án lẹ́gba, kódà òfin náà kò gbà kí a lo irú ọ̀rọ̀ tí a ń lò fún àgbàlagbà, pé wọ́n dá a lẹ́bi tàbí pé wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n. Àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ohun àṣírí ni. Nítorí náà, Abiyamọ, bí ẹnikẹ́ni ládùúgbò bá ń pe ọmọ yín ní ẹlẹ́wọ̀n, irọ́ ni ó ń pa. Ẹ kọ́ ọmọ náà ní gbólóhùn kan tí yóò máa sọ bí wọ́n bá bi í pé níbo ló wà: "Mo lọ kọ́ṣẹ́." Òótọ́ ni.

Ní ti Borstal fúnra rẹ̀, òfin tó gbé e kalẹ̀ ti wà láti ọdún 1960. Àwọn ọmọkùnrin tó wà láàárín ọdún 16 sí 21 ni ó wà fún, àkókò tí wọn yóò lò níbẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ju ọdún 3 lọ. Mẹ́ta péré ni ìjọba àpapọ̀ ní: ti Kàdúná, ti Ìlọrin àti tiwa níbí. Kò sí ọ̀kan tí wọ́n dá sílẹ̀ fún ọmọbìnrin, ọ̀rọ̀ yìí sì ń dùn mí gan-an. Kí ọmọ yín tó jáde, ẹ gba gbogbo ìwé rẹ̀: ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ tó kọ́, èsì ìdánwò rẹ̀, àti ìwé ìtọ́jú ìlera rẹ̀. Ẹ béèrè pẹ̀lú ẹni tí yóò máa bojú tó o lẹ́yìn ìjáde, kí ẹ sì mọ ọ́fíìsì rẹ̀.

Àbúrò Òṣíẹ̀lẹ̀

Ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún 15, wà ní àgọ́ ọlọ́pàá láti àná nítorí fóònù tí wọ́n bá lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ti kọ ọdún 19 sílẹ̀ fún un. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí wọ́n fi í síbẹ̀ kó kọ́gbọ́n. Kí ni kí n ṣe?

Lọ́yà Ìṣàbọ̀

Ẹ dìde lọ nísinsìnyí. Ẹ mú ìwé ọjọ́ ìbí rẹ̀ dání. Bí kò bá sí, ìwé ilé ẹ̀kọ́ tàbí káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ yóò ràn yín lọ́wọ́. Ọdún 19 tí wọ́n kọ yẹn ni yóò gbé e lọ sí kóòtù àgbàlagbà bí ẹ kò bá tètè tún un ṣe. Ẹ sọ fún wọn pẹ̀lú sùúrù pé ọmọdé ni, pé òfin ní kí wọ́n kàn sí òbí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, pé àtìmọ́lé ni ó yẹ kó gbẹ̀yìn nínú ohun tí a ó ṣe fún un, fún àkókò tó kúrú jù lọ, àti pé kò yẹ kó wà nínú yàrá kan náà pẹ̀lú àwọn àgbàlagbà. Òfin tún fún ọlọ́pàá lágbára láti parí irú ọ̀rọ̀ báyìí láìgbé e dé kóòtù, bí a bá dá fóònù padà, tí olóhun sì gbà. Béèlì kò gba owó. Bí ẹ kò bá ní lọ́yà, ẹ lọ sí Legal Aid Council, iṣẹ́ tí wọ́n dá wọn sílẹ̀ fún láti ọdún 1976 nìyẹn, láti gbèjà ẹni tí kò lágbára owó.

Màmá Wẹ́fíà

Bí ó bá dé kóòtù, òṣìṣẹ́ ìgbáyégbádùn yóò wá sílé yín láti ṣe ìwádìí fún adájọ́. Ẹ má ṣe tún ilé ṣe fún un. Ẹ sọ òótọ́ nípa ìgbéyàwó, oúnjẹ, owó ilé ìwé, àti ẹni tí ọmọ náà ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu. Mo ti kọ irú àbọ̀ bẹ́ẹ̀ rí tí adájọ́ fi fi ọmọ sí abẹ́ àbójútó ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ dípò ilé àtìmọ́lé. Ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n yín pé ọgbọ́n tí wọ́n ń kọ́ nínú sẹ́ẹ̀lì kì í ṣe èyí tí wọ́n rò.

Nọ́ọ̀sì Àró

Abiyamọ, ẹ jẹ́ kí n mẹ́nu ba oògùn, nítorí mo rí i pé gbogbo wa ń fò ó. Kolorádò kì í ṣe igbó lásán. Kẹ́míkà ni wọ́n ń fín sára ewé gbígbẹ, kò sì sí ẹni tó mọ ìwọ̀n tó wà nínú ti òní. Ó lè fa kí ọmọ máa gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, tàbí kó máa fura sí ìyá rẹ̀. Bí ẹ bá rí èyí lẹ́yìn tó délé, ẹ má dè é lókùn, ẹ má gbé e lọ síbi tí wọn yóò ti fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè é. Ẹ gbé e wá sí Àró. Àìsàn ni, ó sì ní ìtọ́jú.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo ilé mọ̀. Bí ọmọ tó ti ń mu trámádọ́ọ̀lù tàbí kódíìnì bá ti fi í sílẹ̀ fún ọdún kan tàbí méjì, ara rẹ̀ kò gbà á mọ́. Ìwọ̀n tó ń mu tẹ́lẹ̀ láìsí ewu lè dá èémí rẹ̀ dúró. Ní ọdún 2018 ni ìjọba fòfin de òògùn ikọ́ tó ní kódíìnì, ṣùgbọ́n àwọn tó ń tà á ní kọ̀rọ̀ kò tíì tán. Nítorí náà, bí ó bá ṣubú lẹ́ẹ̀kan, ẹ má fi ìlé-jáde dẹ́rù bà á, nítorí ẹ̀rù yẹn ni yóò mú kó dá mu ún ní ìkọ̀kọ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní rí i kó tó pẹ́ jù. Ẹ bá a ṣe àdéhùn ṣáájú pé bí ó bá ṣẹlẹ̀, ẹ̀yin ni yóò kọ́kọ́ pè.

Bàbá Wẹ́dà Lafẹ́ńwá

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀. Mo ti gba ọmọ méjì tó ti ọgbà yẹn wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ọ̀kan kò pẹ́ tó fi sá lọ, ó dùn mí. Ọ̀kan ti gba fírídọ̀mù, ó sì ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ lójú ọ̀nà Ṣàgámù báyìí. Èyí tó sá lọ, èmi ni mo jẹ̀bi díẹ̀ níbẹ̀. Páálí ẹlẹ́kítíródù kan, ọ̀pá tí a fi ń jó irin pọ̀, sọnù, n kò bi ẹnikẹ́ni léèrè, àpò tirẹ̀ ni mo kọ́kọ́ tú. Kò sí nǹkan níbẹ̀ ju ìwé kékeré kan tó ti ń ya àwòrán géètì lọ. Ní ìrọ̀lẹ́, a rí páálí náà lábẹ́ pánù, níbi tí èmi fúnra mi gbé e sí. Ọmọ náà kò padà wá ní ọjọ́ kejì.

Nígbà tí èkejì dé, mo yí ọwọ́ padà. Mo fún un ní kọ́kọ́rọ́ àpótí irinṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kejì. Láràárọ̀, àwa méjèèjì jọ máa ń ka ohun tó wà nínú rẹ̀, a tún kà á ní ìrọ̀lẹ́, a sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí nǹkan bá sọnù, ìwé ni yóò sọ̀rọ̀, kì í ṣe ojú rẹ̀. N kò sì sọ fún àwọn ọmọṣẹ́ yòókù ibi tó ti wá. Ẹ má gbàgbé owó oúnjẹ rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí ebi ọ̀sán ni ó máa ń gbé ọmọ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò fún un lówó. Abiyamọ, àyè wà lọ́dọ̀ mi. Èyí tó kọ́ nínú ọgbà kò ní ṣòfò, ṣùgbọ́n yóò tún fi ọdún kan mọ bí wọ́n ṣe ń bá oníbàárà dúnàá-dúrà.

Abiyamọ Ìtòkò

Ẹ ṣé gan-an, ẹ kò ní rí ogun ọmọ. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún ọkọ mi, mo tún ka ti Ọmọ Adìgbẹ Àtijọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Wọn kò fèsì. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Sátidé, mo rí i pé wọ́n ti wẹ̀ kí n tó jí, wọ́n sì ti gbé agbádá wọn sórí àga. A jọ lọ.

Òṣìṣẹ́ náà fi wá jókòó bí Màmá Wẹ́fíà ṣe wí. Ó pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ọmọ náà na ọwọ́ rẹ̀ sí bàbá rẹ̀ láti fi àpá hàn án, níbi tí iná wẹ́dà ti ta sí i ní ìka. Bàbá rẹ̀ di ọwọ́ náà mú, wọ́n yí i sọ́tùn-ún yí i sósì. Ọmọ náà wá béèrè pé, "Bàbá mi, ṣé ẹ ti rí jẹnẹrétọ̀ mìíràn rà?" Wọ́n ní, "Rárá, a ò tíì rà á." Kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn fún ìgbà pípẹ́, ṣùgbọ́n wọn kò fi ọwọ́ náà sílẹ̀. Wọ́n ti ní àwọn yóò tún lọ ní Sátidé tó ń bọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ní Ọbáńtókò ti gbà kí ó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Bàbá Wẹ́dà, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí a rà fún un sílẹ̀?

Bàbá Wẹ́dà Lafẹ́ńwá

Bàtà tó bo gbogbo ẹsẹ̀, ṣòkòtò jíǹsì tó nípọn, àti gíláàsì ojú tó dúdú dáadáa. Ẹ má ra èyí tó wọ́n lówó jù, wọ́n ń fọ́. Ìbọ̀wọ́ wà lọ́dọ̀ mi. Kí bàbá rẹ̀ fúnra wọn ni kí wọ́n mú un wá ní ọjọ́ àkọ́kọ́.

Àbúrò Òṣíẹ̀lẹ̀

Wọ́n ti fi ọmọ náà sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ yìí. Káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ni mo fi hàn wọ́n. Màmá Wẹ́fíà, ẹ̀gbọ́n mi ní òun ṣe tán láti jókòó, ṣùgbọ́n òun kò mọ ẹni tí yóò jókòó tì wọ́n.

Màmá Wẹ́fíà

Ẹ mú wọn wá bá mi ní ọ̀sán ọ̀la, tọmọ tòbí. N ó to àga síta.